Ṣé irin ló pọ̀ jù nínú iná, àbí apá ni kò ká a?

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí mi. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ilé ìwé, òun ló ń bá Màmá rẹ̀ ta ẹja yíyan fún àwọn oníbàárà tó wà l'Ékòó, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wọn, wọ́n sì tún ti ní kó máa gba owó aṣọ tí ẹgbẹ́ fẹ́ dá fún Káyókáyọ̀, ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé pè é sínú ọ́fíìsì, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ó ní "too many irons in the fire". Kò jágbe mọ́ ọn, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín sí i náà. Nígbà tí àbúrò mi délé, tó fẹ́ ròyìn fún Màmá, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe gbọ́ ọ: "Wọ́n ní irin mi ti pọ̀ jù nínú iná." Màmá fi ẹja tí wọ́n ń yí lójú ààrò sílẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Irin wo? Ta ló ń rọ irin nínú yín?" Ohun tó wá ń bi mí ni pé, kí ni ọ̀gá òun ń sọ gan-an? Ṣé èébú ni? Báwo ni àwa ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí sì ni òun lè fi dá ọ̀gá àti Màmá lóhùn tí kò ní dà bí àfojúdi?

Àbúrò mi, kì í ṣe èébú. Ẹni tó fẹ́ bú ọ kò ní pè ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń lò ó láti àárín 1500 sí 1600, nígbà tí àgbẹ̀dẹ ṣì jẹ́ ibi tí ará oko àti ará ìlú ń rọ́ lọ fún gbogbo ohun èlò. Ẹni tó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí kò nílò kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo wà ní kékeré, alágbẹ̀dẹ kan wà lọ́nà ilé wa tó máa ń rọ ọkọ́ àti àdá, mo sì máa ń lọ dúró ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi ẹwìrì fín iná. Bí irin bá kọ́kọ́ wọ iná, kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á pọ́n bí ẹyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ lórí ọ̀pẹ, lẹ́yìn náà á wá máa tàn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀mú gbọ́dọ̀ fà á jáde, kí ọmọ owú sì bà á kíákíá. Tó bá pẹ́ sí i nínú iná, á máa ta pàrà, ara rẹ̀ á máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Tí wọ́n bá sì fà á jáde tí kò sí ẹni tí yóò lù ú, á tutù, kò ní gbọ́ràn sí ọmọ owú mọ́, àfi kí wọ́n dá a padà síná.

Alágbẹ̀dẹ yìí kì í fi irin kan ṣoṣo síná. Méjì ni, ìgbà mìíràn mẹ́ta, bó ti ń lu ọ̀kan ni èkejì ń gbóná. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ tí gbogbo àgbẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò fẹ́ kí ẹnì kankan bínú lọ. Ó gba iṣẹ́ gbogbo wọn, ó sì to irin bí mẹ́fà síná lẹ́ẹ̀kan. Mo wà níbẹ̀. Ó lu ọ̀kan, ó lu èkejì, òógùn bo ojú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ẹ̀kẹrin, ó fi ẹ̀mú fa ọkọ́ kan jáde, ojú ọkọ́ náà níbi tó ti fẹ́lẹ́ ti jẹ bí ewé tí kòkòrò jẹ létí. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó rọra gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọ̀gá rẹ ń sọ nìyẹn. Kò sọ pé o ò mọ iṣẹ́, kò sì sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́, nítorí ọ̀lẹ kì í ní irin kankan nínú iná. Ó ń sọ pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti ń jóná nígbà tí o ń lu èkejì, mo sì fura pé iṣẹ́ ilé ìwé ló rí tó ń jóná, torí òun nìkan ló wà lójú tirẹ̀.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé irin púpọ̀ nínú iná kì í ṣe ẹ̀sùn lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ẹni tó ní irin bíi mélòó kan nínú iná lè jẹ́ ẹni tó gbọ́n, tí ọ̀nà kan bá dí, á gba òmíràn. Ọ̀rọ̀ "too" tí ọ̀gá rẹ fi ṣíwájú ló sọ ọ́ di ìkìlọ̀. Àwa náà ní irú rẹ̀. A ní ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ sì ni ní Ẹ̀pẹ́ ju ibi púpọ̀ lọ. Ọkùnrin tó ti odò dé láàárọ̀ lè wà lóko ẹ̀gẹ́ tó bá di ọ̀sán. Obìnrin tó ń yan ẹja lè máa ta gàrí, kó sì tún máa gba àjọ. Bí a ṣe ń jẹun nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kan sọ ọ́ di àléébù fún wa.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ fún ọ pé àwa náà ní òwe alágbẹ̀dẹ, pé kí o lo ìyẹn: alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òwe tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀gá rẹ sọ. Òwe yìí ń gbèjà ẹni tó tẹra mọ́ nǹkan kan tí àwọn èèyàn rò pé ó ń fàkókò ṣòfò. A máa ń pa á fún ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, tàbí ẹni tó ń lọ sílé àna rẹ̀ lójoojúmọ́. Pé àgbẹ̀dẹ wà nínú méjèèjì kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á wá ibi tí irin wà, wọn kò ní wá ibi tí ìtumọ̀ wà.

Báwo wá ni àwa ṣe ń sọ ọ́? Tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún Yorùbá, a kì í sábà ka iṣẹ́ náà. Ara ẹni tó ń ṣe é la máa ń sọ̀rọ̀ bá: apá rẹ̀, orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ẹnu rẹ̀. Ohun tó o bá fẹ́ sọ ni yóò sọ èyí tí wàá mú nínú wọn.

Apá ni olórí. "Apá mi ò ká a." A ti ń sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í ronú sí i mọ́. Ká inú rẹ̀ ni ká tó wà nínú yí ká. Lọ gbá igi ńlá kan mọ́ra kí o rí i: tí ìka ọwọ́ rẹ bá pàdé lódìkejì, apá rẹ ká a, tí wọn ò bá pàdé, apá rẹ ò ká a nìyẹn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, igi ló tóbi. Ìdí nìyẹn tí igi osè fi wà nínú ọ̀fọ̀ àti àdúrà wa, pé apá kì í ká osè. Bí àgbà bá ń ṣàdúrà fún ọ pé apá ayé ò ní ká ọ, wọ́n ń sọ ọ́ di igi ni. Nínú gbólóhùn tìrẹ, ìwọ ni apá, iṣẹ́ ni igi.

Wo bí gbólóhùn kékeré yìí ṣe ń yí. "Apá mi ò ká a" ni pé kò ká a, ó tán. "Apá mi ò ká a mọ́" ni pé ó ń ká a tẹ́lẹ̀, nǹkan kan ló yí padà, bóyá ara ni, bóyá ọmọ dé, bóyá wọ́n fi kún un. "Apá mi ò tíì ká a" ni ti ọmọ iṣẹ́ tó ṣì ń kọ́, ìrètí wà nínú rẹ̀. "Ó fẹ́ ju apá mi lọ" ni ti ẹni tó rí i tó ń bọ̀ tó sì tètè ké. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn, torí mo rò pé ibi tí o wà nìyẹn. Àti pé, jọ̀wọ́, nígbà tí o bá ń kọ ọ́ lórí fóònù, fi àmì sí i: apá ni, kì í ṣe àpá tó jẹ́ ojú ọgbẹ́, kì í sì í ṣe àpà tó ń ná ìnákúnàá. Mo ti rí ibi tí ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí àìsí àmì yìí.

Orí àti ọrùn tẹ̀ lé e, torí orí la fi ń ru ẹrù. "Ó wọ̀ mí lọ́rùn" ni ẹni tó ń ru nǹkan ń sọ nígbà tó ti rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ ẹrù ṣe ohun kan tí irin Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe: ó máa ń sọ ẹni tó gbé ẹrù náà léni lórí. Bí o bá ní "mo rù ú", ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ tó o gbé e. Bí o bá ní "wọ́n dì í rù mí", a ti mọ̀ pé o kọ̀, wọ́n bẹ̀ ọ́, àgbà dá sí i, o sì gbà. Nínú nǹkan mẹ́rin tí o kà sílẹ̀ fún mi, mélòó ni o rù? Iṣẹ́ olùkọ́, ìwọ lo wá a. Ẹja, inú rẹ ló dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé ẹgbẹ́ àti owó aṣọ, bí mo ṣe mọ àdúgbò wa, wọ́n ti ní "ìwọ lo kàwé jù, ìwọ ni ká fún" kí o tó jókòó. Nígbà tí ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ irin, ó dà bí ẹni pé ìwọ lo to gbogbo rẹ̀ síná. Ní èdè wa, o lè sọ òtítọ́ yẹn láì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Lọ dúró ní ọjà Olúwo láàárọ̀ tí ẹja bá ti dé. Obìnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀bá omi, báàfù àrọ̀ wà lórí rẹ̀, àwọn ẹja náà ṣì ń jà nínú omi, omi ń ta sí i léjìká, òṣùká ti rin gbingbin. Kò lè dá a sọ̀. Ẹrù tó bá wúwo dáadáa, ọwọ́ kan kì í gbé e dórí, ọwọ́ kan kì í sì í sọ̀ ọ́. Ó dé iwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó dúró, kò wo ẹnikẹ́ni, ó kàn ní, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò dìde. Ó lè jẹ́ alábàárù, ó lè jẹ́ oníbàárà tí kò mọ̀ rí. Mo ti rí i tí ó jẹ́ obìnrin tí wọ́n jọ jà lórí ààyè lánàá. Ó di etí báàfù mú, àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀, ó sì padà sí ìdí ọjà tirẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó gbọ́ "ẹ bá mi sọ̀ ọ́" kó máa wo oníẹrù níran. Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan bi í pé, ta ló ní kí o gbé e?

Mo fẹ́ kí o ronú sí gbólóhùn yẹn, torí òun ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. A óò padà síbẹ̀.

Òwe ńlá kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹrù: a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Fojú inú wò ó dáadáa. Ẹran erin tó wà lórí ti tó ilé àti ọ̀rẹ́ jẹ, ó sì wúwo. Ìrẹ̀ inú ilẹ̀ kò tó ọmọ kan jẹ. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀ ń dún, ojú ń tọ ohùn rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, ẹran orí sì ń mì. Òwe yìí sún mọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ ní lọ́kàn ju òwe alágbẹ̀dẹ lọ. Kò bá pípọ̀ iṣẹ́ wí. Ó ń bá ẹni tí kò mọ èwo ni erin nínú wọn wí. Àwọn ọmọ tí ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì wọn ń bọ̀, erin ni wọ́n. Tí o bá wà nínú kíláàsì tí o ń dá ẹni tó fẹ́ mọ àwọ̀ léèsì lóhùn lórí fóònù, ẹsẹ̀ rẹ ti wà nínú ilẹ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, o sì béèrè.

Ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń sọ pé ẹnì kan "bit off more than he can chew", pé ó bù sẹ́nu ju ohun tó lè jẹ lọ. Amẹ́ríkà ni ìyẹn ti wá, láàárín 1800 sí 1900, ọ̀pọ̀ sì so ó mọ́ tábà tí wọ́n máa ń fi eyín bù jẹ. Tiwa ni òkèlè: òkèlè ńlá ní í fẹ ọmọ lójú. O ti rí i nílé: ọmọdé fẹ́ fi hàn pé òun náà ti dàgbà, ó bu ẹ̀bà tó tó ìkúùkù, ó jù ú sẹ́nu, ojú rẹ̀ yọ, kò lè gbé e mì, kò sì fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde níwájú àlejò. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ojúkòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà má ṣe pa á fún àgbà láéláé, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tilẹ̀ ń jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Tí olórí ẹgbẹ́ yín bá gba iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀, ní iṣẹ́ náà fẹ́ ju apá wọn lọ. Tí o bá dárúkọ òkèlè, ọ̀rọ̀ mìíràn lo dá sílẹ̀ yẹn.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èyí o ti mọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn yòókù ni pé agbára kọ́ ni kò tó níbẹ̀. Ẹni náà lè lé eku kan kó bá a. Ibi méjì tí eku sá sí ni wàhálà. Tí ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìdánwò àwọn ọmọ bá bọ́ sí aago kan náà lọ́jọ́ Sátidé, eku méjì nìyẹn, kò sí bí apá rẹ ti gùn tó.

Ọ̀kan wà tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má túmọ̀ rárá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìsinsìnyí máa ń ní àwọn ní "a lot on my plate". Tí o bá sọ fún Màmá pé abọ́ rẹ kún, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Abọ́ tó kún kò tíì di ẹjọ́ láàárín wa. Àdúrà ni. Ní Ẹ̀pẹ́ pàápàá! Nígbà tí àwọn òyìnbó fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó ní oṣù Disẹ́ńbà 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí omi wá sí Ẹ̀pẹ́, ìrántí ìgúnlẹ̀ wọn ni àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ wọn, fi ń ṣe Káyókáyọ̀ lẹ́yìn Iléyá títí dòní. Tẹ́tí sí orúkọ náà: ká yó, ká yọ̀. Èèyàn tó la ogun já, tó dé èbúté tí kò mọ̀, yíyó ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè fi abọ́ kíkún ráhùn kó yé àgbà.

Ti àbẹ́là tí wọ́n tan lórí méjèèjì, èyí tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí kì í sùn, kò gba àsọgùn. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, ó ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí Randle Cotgrave tẹ̀ jáde ní 1611, nígbà yẹn ìnákúnàá ló ń sọ. Àwa ní ó ń sọ òru dọ̀sán. Ó tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fetí sí jù nìyí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ń lò dípò gbogbo èyí tí mo ti kà, òun ló sì ń kó wa sí wàhálà: "Ọwọ́ mi dí." Ó rọrùn lẹ́nu, kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dí lónìí máa dilẹ̀ lọ́la, ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ nìyẹn. Á ní, "Kò burú, tó bá ti dilẹ̀ kí o pè mí." Ó ti lọ dúró dè ọ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé o kọ̀, torí o ò kọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti dé bá mi. Lọ́dún tí ọmọ mi àgbà fẹ́ ṣègbéyàwó, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan, mo jẹ́ akápò òmíràn, wọ́n sì tún fi mí sí ìgbìmọ̀ aṣọ Káyókáyọ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún gbogbo wọn pé ọwọ́ mi dí. Wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ń dúró. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí oorun ti ń gbé mi, mo kọ owó aṣọ ẹgbẹ́ kan sínú ìwé ẹgbẹ́ kejì, n kò sì mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìṣirò dé, owó ẹgbẹ́ kan pọ̀ jù, ti èkejì kò pé. Mo dúró láàárín àwọn èèyàn tí a jọ dàgbà, mo ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó pè mí lólè, ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn méjì tàbí mẹ́ta. Ìpàdé mẹ́ta ló gbà kí a tó rí ibi tí àṣìṣe wà. Lẹ́yìn ìpàdé kẹta, ìyá àgbàlagbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ pé apá rẹ ò ká a? Gbogbo ìgbà tí o ní ọwọ́ rẹ dí, a rò pé ó dí lásán ni. Ta ni ìbá ti máa wò ọ́?"

Ó ti pẹ́ sí ìgbà yẹn. Ohùn wọn kò kúrò létí mi.

Nítorí náà, èsì rẹ. Ọ̀gá rẹ ló mú ọ̀rọ̀ irin wá, o sì lè fi irin dá a lóhùn, yóò mọ̀ pé ó yé ọ: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti wò ó, mo fẹ́ fa ọ̀kan jáde kó tó jóná." Kí o wá sọ èwo gan-an, àti ọjọ́ tí yóò jáde. Má tọrọ àforíjì títí. Kò ní kí o tọrọ rẹ̀.

Fún ẹgbẹ́, má fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Dìde nípàdé, kúnlẹ̀ bí a ti ń ṣe, kí o sì sọ ọ́ tààrà: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Ìwé ẹgbẹ́, mo ń ṣe é, apá mi ká a. Owó aṣọ yìí ló fẹ́ ju apá mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Kí ìwé àkọsílẹ̀ àti owó tó ti wọlé wà lọ́wọ́ rẹ bí o ti ń sọ ọ́, kí a kà á lójú gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Ẹnì kan lè kùn pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlú. Jẹ́ kó kùn tán. Bí o bá ti sọ "ẹ bá mi sọ̀ ọ́", àwọn àgbà yóò ti máa wojú ara wọn láti mọ ẹni tó sún mọ́ ọ jù, torí ọjà kan náà ni gbogbo wọn ti ru ẹrù.

Màmá ló kù. Wọn kò nílò kí o túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan fún wọn mọ́. Jókòó tì wọ́n nídìí ààrò, bá wọn yí ẹja díẹ̀, kí o sì sọ pé, "Màmá, ó ti ń wọ̀ mí lọ́rùn." Wọ́n á bi ọ́ pé èwo ni kí àwọn bá ọ sọ̀. Ní èsì rẹ lẹ́nu kí o tó jókòó, torí bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, tí o bá dákẹ́ díẹ̀ báyìí, ẹja ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹja gan-an lo fẹ́ràn jù.